Ṣokoléètì Tí Wọ́n Fi Pe Bàbá Mi

Ẹ má fẹ̀yìn ti igi yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Mo mọ̀ pé oòrùn mú, mo sì mọ̀ pé kò sí òjìji mìíràn ní gbogbo abà yìí, ṣùgbọ́n ẹ fa àpótí yẹn mọ́ra kí ẹ wá jókòó lọ́dọ̀ mi níbí. Kì í ṣe pé mo ń lé àlejò. Kò sí ẹni tó dé ilé wa tí mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún, inú sì máa ń bí àwọn mìíràn. Wọ́n á ní, "Wúlẹ̀mọ̀tù, igi kòkó kan ṣoṣo lo ń ṣọ́ bí ẹní ń ṣọ́ àbíkú." Bẹ́ẹ̀ ni, mo ń ṣọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín, kí ẹ má baà lọ máa wí fún wọn ní Ifọ̀ pé orí mi ti dàrú.

Bùrẹ́ímọ̀ ni orúkọ bàbá mi, arúgbó tí ẹ bá lórí ẹní níwájú ilé, tó kí yín tí kò sì béèrè orúkọ yín. Ìṣẹ́yìn ló ti wá kí wọ́n tó bí mi, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń sáré kiri nítorí kòkó. Ọwọ́ Bàbá Ṣàràfá, onílẹ̀, ló ti tọrọ ilẹ̀ yìí. Wọn ò kọ ìwé kankan. Bàbá Ṣàràfá pa obì, ó fún bàbá mi ní awẹ́ kan, òun náà jẹ awẹ́ kan, ó ní, "Bùrẹ́ímọ̀, ilẹ̀ jẹ́ tèmi, igi tí o bá gbìn jẹ́ tìẹ. Níwọ̀n ìgbà tí igi rẹ bá dúró lórí ilẹ̀ mi, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lé ọ." Lọ́dọọdún ni bàbá mi ń ru iṣu àti epo lọ fún un. Ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n ń pe ìyẹn, ohun tí àlejò fi ń sọ fún onílẹ̀ pé òun ò gbàgbé pé ilẹ̀ kì í ṣe tòun.

Ṣé ẹ gbọ́ ọ dáadáa? Igi la ní, a ò nílẹ̀. Ilé tí ẹ ń wò yìí, ibi ìdáná yẹn, ibojì ìyá mi Fàúsátù lẹ́yìn ibẹ̀, orí igi ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Ọjọ́ tí kò bá sí igi kankan mọ́, ọjọ́ náà la máa di ẹrù wa, bàbá mi ò sì mọ ẹnì kankan mọ́ ní Ìṣẹ́yìn.

Nígbà tó yá, Bàbá Ṣàràfá kú, ọmọ rẹ̀ Mùtàlíbù ló jogún ilẹ̀. Ẹ ò ní rí ẹni tó mọ̀wà hù tó Mùtàlíbù. Ó máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá mi, bẹ́ẹ̀ àwa la jẹ́ àlejò lórí ilẹ̀ rẹ̀. Kì í gbé ohùn sókè. Èmi tí mo fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ, "ẹ̀gbọ́n" ló ń pè mí. Ṣùgbọ́n àwọn ará Èkó ti ń ra ilẹ̀ káàkiri ojú ọ̀nà rélùwéè nígbà náà. Wọ́n ti ra ti Àgbàdo, wọ́n sì ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa. Bí Mùtàlíbù bá wá kí wa, tó kí wa tán, yóò máa rìn láti ìdí òkúta ààlà títí dé etí odò, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa lọ ní ìwọ̀n-ìwọ̀n, ètè rẹ̀ á sì máa mì. Mo bi í nígbà kan pé kí ló ń kà. Ó ní àdúrà ni.

Ẹnu mi mú, mi ò ní parọ́ fún yín. Ìdí nìyẹn tí àwọn àna mi ní Ìbàfò ò fi bẹ̀ mí kí n dúró nígbà tí ọkọ mi kú, tí mo fi padà wá sọ́dọ̀ bàbá mi. Mo sọ fún bàbá mi pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ó ní kí n yé fi ọmọ ọ̀rẹ́ òun ṣe ọ̀rọ̀ sọ.

Ọdún tí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, Mùtàlíbù gun kẹ̀kẹ́ dé, ó wọ ṣòkòtò kakí tuntun. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó ní ìpè ni òun bá wá. Ẹgbẹ́ kan ní Abẹ́òkúta fẹ́ ṣe Ọjọ́ Ṣokoléètì nísàlẹ̀ Olúmọ. Wọ́n á to tábìlì, àwọn ará ìlú á wá, wọ́n á rí oríṣiríṣi nǹkan tí wọ́n ń fi kòkó ṣe, wọ́n á sì rí kòkó fúnra rẹ̀ lórí ẹ̀ka, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn tó ń lá ṣokoléètì ò mọ ibi tó ti ń wá. Wọ́n ní kí òun wá olùpàtẹ káàkiri apá ọ̀dọ̀ wa.

Bàbá mi ní, "Olùpàtẹ? Obìnrin ló ń pàtẹ. Kí ni kí n pa tẹ, ata àbí ọ̀gẹ̀dẹ̀?"

Mùtàlíbù rẹ́rìn-ín. "Bàbá, kòkó yín lẹ máa pa tẹ. Mo ti dé Mowé, mo dé Ìbàfò, wọ́n ní obì làwọn ní. Ní Ajúwọ̀n, ẹ̀gẹ́ ni. Ẹ̀yin nìkan lẹ kù tí oko kòkó yín ṣì dúró."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ bàbá mi lára. Ta ni kò fẹ́ràn kí wọ́n sọ fún òun pé òun nìkan ló kù? Èmi, ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀.

Mùtàlíbù wá ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú nǹkan pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi bébà dídán wé jáde. Ó ní, "Obì ìpè yín nìyí. Ṣokoléètì ni." Ó ṣẹ́ ẹ sí wẹ́wẹ́ sínú àwo, ó gbé e síwájú bàbá mi. Ó ti ń rọ̀ nínú ooru, ó dúdú, ó sì ń dán.

Bàbá mi fọ ọwọ́. Ẹ mọ̀ pé tí wọ́n bá gbé obì ìpè fún àgbà, kì í kàn ki í bọ ẹnu, ó gbọ́dọ̀ ṣàdúrà sí i. Bàbá mi gbé àwo náà sókè, ó ní, "Bìsímílà. Obì á bi ikú, obì á bi àrùn. Orógbó á gbó wa sáyé." Ó dúró. Ó wo inú àwo. "Ọmọ Ṣàràfá, eléyìí ńkọ́? Obì ń bi ibi, orógbó ń gbó ni. Ṣokoléètì, kí ló ń ṣe?"

Mùtàlíbù ní, "Ó ń dùn ni, Bàbá."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín gan-an. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ohun tí kò sí àdúrà kankan nínú orúkọ rẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ fi pe ènìyàn lọ ṣe? Mo ní, "Mùtàlíbù, ẹni tó gbé oúnjẹ wá ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Jẹ ẹ́ ká rí i."

Ó fọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Eyín ń dùn mí, ẹ̀gbọ́n. Nǹkan dídùn ò ṣeé fi kàn án."

Bàbá mi jẹ ẹ́. Ó ti ń gbin kòkó láti ìgbà èwe rẹ̀, ó ti ń sá a, ó ti ń dì í sínú àpò, kò tọ́ ohun tí wọ́n ń fi ṣe wò rí. Ó di ojú. Ó pẹ́ kó tó là á, nígbà tó sì là á, omi ti wà níbẹ̀. "Wúlẹ̀, ohun tí mo ń gbìn láti ọjọ́ yìí nìyí?" Inú mi dùn sí i, mi ò lè sọ pé kò dùn. Ó fún mi ní tèmi. Mo gbà á, ṣùgbọ́n mo so ó sétí ìró mi, mi ò jẹ ẹ́. Mùtàlíbù rí mi nígbà tí mo so ó.

A jọ wọ oko. Bàbá mi ń fi igi hàn án, ó ń dárúkọ ọdún tó gbin ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí a tó kúrò lẹ́yìn ibi ìdáná, ó fi igi yìí hàn án, èyí tí mo ní kí ẹ má fẹ̀yìn tì. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Eléyìí, mi ò gbìn ín. Ìgbà tí Wúlẹ̀ wà ní kékeré ló ń mu omi kòkó pípọ́n, ló bá tu kóró rẹ̀ dà síbí." Mùtàlíbù ní ó dára. Nígbà tí a dé àárín oko, bàbá mi dúró nídìí igi kan tí ẹ̀ka rẹ̀ ti wú. Ọrùn ẹ̀ka náà yọ jáde bí orúnkún, ewé tuntun orí rẹ̀ ní iṣan pupa, èso rẹ̀ sì rí roboto, kò gùn bíi ti àwọn yòókù.

"Igi yìí lóyún," ni bàbá mi wí. "Ó ti ń sanra láti ọdún tó kọjá, àwọn tó yí i ká náà ti ń lóyún báyìí. Mi ò rí irú rẹ̀ rí láyé mi."

Mùtàlíbù sún mọ́ ọn. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ibi tó wú náà, ó tún tẹ ẹ́, lẹ́yìn náà ló já ewé nílẹ̀, ó fi nu ọwọ́ rẹ̀ dáadáa títí dé abẹ́ èékánná. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀ka tó lóyún yìí gan-an ni kí ẹ mú wá. Ẹ má mú òmíràn."

Lọ́jọ́ ọjà, mo lọ sí Ifọ̀ lọ ra iyọ̀. Mo bá Ọmọ́níkẹ́ ní ìdí rélùwéè, ọ̀rẹ́ mi tó ń ra aṣọ láti Ìbàdàn wá tà. Mo fi ìpè náà ṣe àwàdà fún un, mo ní bàbá mi fẹ́ gbé aboyún igi lọ sí Abẹ́òkúta. Ọmọ́níkẹ́ ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní lápá Ìbàdàn, kòkó tí ẹ̀ka rẹ̀ bá ti wú bẹ́ẹ̀, kì í ṣe oyún, àìsàn ni, ó sì máa ń ran igi tó wà nítòsí rẹ̀. Ó ní àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa gé irú igi bẹ́ẹ̀, wọ́n á gé e, wọ́n á gé gbogbo èyí tó yí i ká, wọ́n á dáná sun ún. Ó ní oko ẹ̀gbọ́n ọkọ òun, àfi kùkùté.

Bí mo ṣe yíjú báyìí, mo rí Mùtàlíbù ní òdìkejì ojú irin, ó dúró ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń jẹ ìrèké. Ó ń fi eyín bó o láti òkè délẹ̀, ó ń rún un wómúwómú, ó ń tu háhá rẹ̀ nù. Eyín tó ń dùn ún.

Mi ò dúró ra iyọ̀ mọ́. Mo délé, mo kúnlẹ̀ fún bàbá mi, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ní kí a gé ẹ̀ka yẹn kí a sì sun ún, kí a gé èyí tó wà nítòsí rẹ̀, bóyá ìyókù á yè, kí ó má sì gbé ohunkóhun lọ sí Abẹ́òkúta. Mo ní, "Bàbá, igi ni wọ́n fi ń gbà yín láyè níbí."

Ó gbọ́ mi jálẹ̀. Ó ní, "Wúlẹ̀, mo ti jẹ ìpè. Ẹni tó jẹ obì ìpè tí kò lọ, kí ni wọ́n ń pè é?"

"Kì í ṣe obì, Bàbá. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ béèrè ohun tó ń ṣe, dídùn nìkan ni Mùtàlíbù rí sọ."

"Ẹnu mi ló wọ̀. Ọ̀rẹ́ mi Ṣàràfá ò lè fún mi nílẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ wá fi àdídùn gbà á lọ́wọ́ mi." Ó ní ìbànújẹ́ Ìbàfò ló ń dààmú mi, tí mo fi ń rí ọ̀tá níbi gbogbo. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé eegun. Ohun tó sì dùn mí jù títí di òní ni pé kò bínú nígbà tó ń sọ ọ́.

Ọjọ́ pé. A wọ rélùwéè ní Ifọ̀, bàbá mi wọ agbádá ọdún iléyá, ó gbé ẹ̀ka náà sórí itan, ó fi aṣọ bò ó kí èéfín má baà kàn án. Èrò tó wà nínú ọkọ̀ ń bi í, ó ń ṣí aṣọ, ó ń fi hàn wọ́n. Mo jókòó tì í, mo kọjú sí fèrèsé.

Ayẹyẹ yẹn dára, mi ò ní bù ú kù. Wọ́n to tábìlì yí pápá ká. Obìnrin kan pa ọṣẹ dúdú tẹ, èyí tí wọ́n fi eérú èèpo kòkó ṣe. Ẹlòmíràn ń po kòkó mímu gbígbóná fún àwọn ọmọ iléèwé. Wọ́n fún bàbá mi ní tábìlì tó ní aṣọ funfun, èrò sì pọ̀ níbẹ̀ ju ibi gbogbo lọ. Àwọn ará ìlú ń fọwọ́ kan èso, wọ́n ń kí i. Inú bàbá mi dùn dé bi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá èmi ni mo ń ṣe àṣejù.

Ìgbà náà ni Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ dé, ọ̀kan nínú àwọn agégi tí Ọmọ́níkẹ́ sọ. Ọkùnrin gíga kan ni, aṣọ kakí ló wọ̀, ẹnì kan ń bá a gbé àpò. Èrò ń rọ́ lu ara wọn, àmọ́ òun dúró, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó wo ẹ̀ka náà pẹ́. Ó já ewé kan, ó gbé e sójú oòrùn, ó wo iṣan pupa rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fa ọ̀já pupa kan yọ nínú àpò, ó so ó mọ́ ọrùn ẹ̀ka tó wú náà.

Bàbá mi rò pé ẹ̀bùn ni. Ó jó. Ẹ gbọ́ mi, bàbá mi jó nídìí ọ̀já pupa yẹn, àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́ fún un, torí àwọn náà rò pé òun ló gba ipò kìíní.

Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ ò pàtẹ́wọ́. Ó dúró títí bàbá mi fi jó tán. Ó ní, "Bàbá, ẹ kú ìnáwó. Níbo ni oko yín wà?"

Mo fà á láṣọ lẹ́yìn. Bàbá mi já aṣọ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi. Ó ṣàlàyé ọ̀nà náà láti ìdí rélùwéè Ifọ̀, ó dárúkọ odò, ó dárúkọ òkúta. Ó wá ní, "Ẹ̀yin lẹ pè mí, mo jẹ́ ìpè yín. Èmi náà pè yín. Gbogbo yín pátá, ẹ wá sí oko mi, ẹ wá jẹun." Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ wo ilẹ̀. Ó ní àwọn máa wá. Mùtàlíbù ló dúró lẹ́yìn rẹ̀, kò dúró lẹ́yìn bàbá mi.

Wọ́n wá lóòótọ́. Bàbá mi ti pa ewúrẹ́, èmi ni mo gún iyán. Mo gún un pẹ̀lú omijé, tí ẹ bá fẹ́ mọ̀, ṣùgbọ́n mo gún un, torí àlejò bàbá mi ni wọ́n. Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ ní ebi ò pa òun. Bàbá mi ní kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀, àlejò kì í kọ iyán. Wọ́n jókòó, wọ́n jẹun. Mùtàlíbù náà jẹ iyán, ó jẹ ẹran eegun, ó fọ́ eegun.

Nígbà tí wọ́n fọwọ́ tán, wọ́n wọ oko, ọ̀já pupa lọ́wọ́ wọn. Bàbá mi ń tẹ̀ lé wọn, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n so ọ̀já mọ́ igi àkọ́kọ́, wọ́n so ó mọ́ èkejì, wọ́n ń so ó lọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹ̀rín tó kúrò lójú rẹ̀. Ó ní, "Gbogbo wọn ló gba ipò kìíní?" Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ ló wá fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ṣàlàyé fún un jẹ́jẹ́. Mi ò gbọ́ ohun tó sọ. Mo kàn rí bàbá mi tó ń mi orí, bí ẹni tí wọ́n ń sọ ọ̀nà ibì kan fún.

Ó padà wá jókòó sórí ẹní níwájú ilé, ibi tí ẹ bá a lónìí. A ń gbọ́ ìró àáké. Bí igi kan bá wó, á bi mí, "Ṣé wọ́n ti dé ìlà àwọn àkọ́gbìn?" Mo ní wọn ò tíì dé ibẹ̀. Wọ́n ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́.

Nígbà tó ku igi ẹ̀yìn ibi ìdáná nìkan, Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ wá síbẹ̀, mo sì fi ẹ̀yìn ti igi náà, mo na apá méjèèjì. Kò bá mi jà. Ó wo ewé rẹ̀, ó wo ẹ̀ka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀ wo ìdí rẹ̀. Ó ní, "Ara eléyìí dá. A kì í gé èyí tí ara rẹ̀ dá."

Mùtàlíbù ní, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ rẹ̀ yẹn, "Ọ̀gá, ẹ bá wa gé e náà kí ó parí síbẹ̀. Igi tí wọ́n bá gbìn ni tiwọn. Eléyìí, wọn ò gbìn ín. Bàbá fúnra wọn ló sọ ọ́, wọ́n kàn tu kóró rẹ̀ dà ni."

Mo ní, "Èmi ni mo tu ú. Ẹnu mi ni mo fi gbìn ín."

Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ wò mí, ó wo Mùtàlíbù. Ó dà bíi pé ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e, irú iṣẹ́ tí wọ́n fi òun ṣe. Ó ní, "Ó ti tó. Igi wọn ni." Ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n lọ. Wọ́n sọná sí ìyókù kí wọ́n tó lọ, èéfín náà sì pẹ́ lójú wa.

Bó ṣe di igi kan ṣoṣo nìyẹn. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá dúró, a wà nílé. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe rí, igi tí ọmọdé tu dà ló ń gbé àgbà ró.

Láti ìgbà yẹn, kò sí ọjọ́ ọjà kan tí Mùtàlíbù ò yà kí wa. Á dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, á wá sẹ́yìn ilé, á gbójú sókè wo igi yìí láti ìdí dé orí, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìtọ́jú rẹ̀." Kò fọwọ́ kàn án rí lójú mi. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo jí, mo bá èèpo ìdí rẹ̀ tí wọ́n ti bó níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ mi. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ máa rí ojú ọgbẹ́ náà. Amọ̀ àti ìgbẹ́ màlúù ni mo fi dí i. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀yìn ilé ni mo ń sùn, bí mo bá sì fẹ́ lọ sí odò, bàbá mi á gbé ẹní rẹ̀ wá síbí. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Nǹkan kan wà tí mi ò tíì sọ fún bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ fún un bí ẹ bá ń lọ. Lọ́sẹ̀ yìí, mo rí ẹ̀ka tuntun kan lókè yẹn tí ọrùn rẹ̀ wú díẹ̀, kò ju ẹ̀wà kan lọ. Mo gun àpótí, mo ṣẹ́ ẹ, mo sun ún nínú ààrò, mo sì da eérú rẹ̀ sódò. Láàárọ̀ yìí mo tún wò. Mi ò fẹ́ sọ ohun tí mo rí.

Àná ni Mùtàlíbù tún dé. Kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Kakí tuntun mìíràn ló wọ̀. Ó ní ọdún ti yípo, wọ́n tún fẹ́ ṣe Ọjọ́ Ṣokoléètì ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì ní orúkọ bàbá mi làwọn kọ́kọ́ rántí. Ó ní kódà ẹ̀ka kékeré kan ti tó. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ wà lókè, níbi tí mo ti ṣẹ́ ẹ̀ka yẹn gan-an. Ó mú bébà dídán yẹn jáde. Bàbá mi, tó ti gbé ẹní rẹ̀ wá sábẹ́ igi, gbọ́ ìró rẹ̀ lójú oorun, ó na ọwọ́. Mo gba ọwọ́ bàbá mi, mo dá a padà sórí itan rẹ̀.

Mo wọlé, mo mú obì àbàtà kan jáde. Mo ní, "Mùtàlíbù, ọdún tó kọjá o fi nǹkan pè wá, mi ò jẹ ẹ́, o rí mi. Lónìí èmi ni mo pè ọ́. Obì la fi fún bàbá mi nílẹ̀ yìí, bàbá tìrẹ ló pa á." Mo là á. Mo kọ́kọ́ jẹ awẹ́ tèmi lójú rẹ̀, mo sì ṣàdúrà sí i dáadáa. Mo ní ẹni tó bá bá wa jẹ obì yìí lábẹ́ igi yìí, tó bá tún ro ibi sí igi yìí, kí obì bi í. Mo na awẹ́ kan sí i.

Ó gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. Ó wò ó. Ó fi eyín rẹ̀ funfun hàn, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó sì ki obì náà bọ àpò.

Ó ní, "Eyín ń dùn mí, ẹ̀gbọ́n."

Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ní òun ń bọ̀ ní ọ̀la, òun á mú ẹnì kan tó mọ kòkó dáadáa wá bá wa wo igi náà. Ọ̀la tó dá ni òní. Ẹ̀yin lẹ sì wọlé láàárọ̀ yìí, tí ẹ ní ọ̀nà lẹ ṣì, tí ẹ lọ tààrà síbi tí igi yìí wà.

Ẹ má bínú sí mi. Awẹ́ obì kan ṣẹ́kù nínú àwo yẹn. Ẹ gbà á. Ẹ jẹ ẹ́ níbí, kí n máa wò yín.